Àpótí yanrìn abẹ́ ọkọ̀ ojú irin: mo fún un ní 4 nínú 5, ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ rélùwéè ń jẹ lọ́kàn bíi tèmi. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n jókòó kọ èyí. Mo ń rí i pé àwọn èèyàn máa ń yẹ fóònù wò, wọ́n ń yẹ bàtà wò, wọ́n á sì fún un ní ìràwọ̀ mélòó kan nínú márùn-ún, mo wá ń rò ó pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì bá wa yẹ àpótí yanrìn wò, àpótí kékeré tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ojú irin yẹn, tó jẹ́ pé òun ló ń gba dírẹ́bà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú irin bá ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń wa ọkọ̀ èrò, mo sì ti lo oríṣi mẹ́ta, èyí tá à ń fọwọ́ tẹ̀, èyí tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, àti èyí tó mọ ìwọ̀n yanrìn tó yẹ kó dà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, màá sì fi ohun tí mo kà nínú ìwádìí àwọn ìjàǹbá kan tì í lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìdí tá a fi nílò ẹ̀, torí ẹni tí ò wa rélùwéè rí á máa rò pé ọkọ̀ tó wúwo tó yẹn, kí ló fẹ́ mú un yọ̀. Irin ni wíìlì, irin náà ni ojú ọ̀nà, ibi tí wíìlì kan ti fara kan irin kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ẹ kó wíìlì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ abẹ́ kóòṣì kan pọ̀, ibi tí gbogbo wọn ti fara kan irin ò ní kún àtẹ́lẹwọ́ èèyàn kan. Ibi kékeré yẹn ni agbára tó ń fà wá lọ ń gbà, ibẹ̀ náà ni agbára bíréèkì ń gbà. Torí pé irin le, tí kì í tẹ̀ wọnú bíi rọ́bà táyà, ni epo díẹ̀ ṣe lè gbé ẹrù rẹpẹtẹ lórí rélùwéè, àmọ́ irin kì í di irin mú bí rọ́bà táyà ṣe ń di ọ̀dà mú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó o bá fẹ́ dúró, wàá ti bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè.

Tí irin bá gbẹ dáadáa, ìdìmú yẹn máa ń tó bí 30 nínú 100 ìwúwo tó wà lórí wíìlì. Tó bá tutù, ó lè wálẹ̀ sí 20 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ewé ni wíìlì ti tẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú irin, tí ìrì wá sẹ̀ lé e lórí, ó lè já sí 2 tàbí 3 péré nínú 100. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí bíréèkì ẹ̀ bá mú bó ṣe yẹ, á dúró láàárín nǹkan bí 430 mítà. Ọkọ̀ kan náà, eré kan náà, tó bá jẹ́ 2 nínú 100 ló kù fún un, ó máa lọ tó kìlómítà méjì kó tó dúró. Kìlómítà méjì gbáko! Kò sí bó o ṣe lè tẹ bíréèkì le tó tó máa yí i padà, torí kì í ṣe bíréèkì ni ò lágbára, wíìlì ni ò rí nǹkan dì mú.

Nǹkan míì tí àwọn èèyàn kì í gbà gbọ́ tí mo bá sọ ọ́ ni pé òjò ńlá ò bà mí lẹ́rù. Òjò tó ń rọ̀ wààwàà ń fọ irin ni. Òjò wínníwínní, ìrì ìdájí, kùrukùru, àwọn wọ̀nyẹn ni ọ̀tá dírẹ́bà, torí omi tí wọ́n ń dà sílẹ̀ ò tó fọ ìdọ̀tí kúrò, ó kàn tó láti po òun àti ìpẹtà àti epo tó jò sílẹ̀ àti eruku pọ̀ ni, ó sì ń di nǹkan kan tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Ti ewé tún wá le jù. Ní ìgbà tí igi bá ń wọ́wé, afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ń fà lọ ló ń gbé ewé sójú irin, wíìlì á tẹ̀ ẹ́, òmíràn á tún tẹ̀ ẹ́, títí tó fi máa di ìpele dúdú kan tó ń dán bíi pé wọ́n kun irin ní ọ̀dà, tó le débi pé èékánná ò lè họ ọ́. Tó bá gbẹ kò fi bẹ́ẹ̀ burú o, kí omi díẹ̀ wá kàn án báyìí, ó parí. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló máa ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, torí kò sí ọkọ̀ kankan tó ti bá a nu ojú irin láti òru.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí àpótí wa.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Àpótí kan wà, yanrìn gbígbẹ tó kúná níwọ̀nba ló wà nínú ẹ̀, páìpù kan ti abẹ́ ẹ̀ wá sílẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ wíìlì, ẹnu ẹ̀ kọjú sí ibi tí wíìlì àti irin ti fẹ́ pàdé gan-an. Tó o bá tẹ bọ́tìnnì, afẹ́fẹ́ inú táǹkì ọkọ̀ á fẹ́ yanrìn jáde, wíìlì á gùn ún, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn ló ń họ ìdọ̀tí kúrò tó sì ń jẹ́ kí irin rí irin dì mú. Ẹnu páìpù yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò dáadáa. Tó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ irin ni yanrìn ń lọ, afẹ́fẹ́ abẹ́ ọkọ̀ á gbá a dànù, wàá máa rò pé ò ń da yanrìn nígbà tó jẹ́ pé òkúta ìdí irin lò ń da yanrìn fún.

Ọ̀rọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń gbá yanrìn dànù yìí, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Láyé ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn, yanrìn kàn ń já bọ́ wálẹ̀ fúnra ẹ̀ látinú àpótí ni, tí atẹ́gùn bá fẹ́ báyìí ó ti lọ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Francis Holt, tó ń ṣe ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ tí Midland Railway ti ń ṣe ọkọ̀ ní Derby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló wá gbé e kalẹ̀ ní 1886 pé kí wọ́n fi ooru omi láti inú ẹ́ńjìnnì fẹ́ yanrìn náà sábẹ́ wíìlì tààrà. Ẹ mọ ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ? Àwọn ọkọ̀ tó jẹ́ pé wíìlì ńlá méjì péré ló ń fà wọ́n, tí wọ́n ti ń pa tì torí pé wọ́n ń yọ̀ jù, ọdún kejì ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọn ní tuntun. Páìpù kékeré kan ló jí irú ọkọ̀ odindi dìde. Nígbàkigbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀, mo máa ń rántí bàbá yẹn.

Èyí tá à ń fọwọ́ tẹ̀ ni mo fi kọ́ṣẹ́, mo ṣì fẹ́ràn ẹ̀ jù nígbà tí mo bá fẹ́ gbéra. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti fẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, ohùn ẹ̀ rọ̀, kì í jágbe mọ́ èèyàn, àmọ́ tó o bá fi ìkánjú gbé ọwọ́ agbára sókè, á kàn na ọwọ́ ẹ̀ á dá a padà sílẹ̀, á ní "Ọmọ mi, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Òótọ́ sì ni. Tó o bá fún un lágbára jù lórí irin tó tutù, wíìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, wàá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò sì ní kúrò níbi tó wà. Tí wíìlì bá yí lójú kan pẹ́, ó ń jó irin níhò ni, mo ti rí ibi tí irin ti jẹ lọ bí ìgbà tí wọ́n fi ṣíbí bu nǹkan níbẹ̀. Ohun tó kọ́ mi ni pé tó bá ti ń yọ̀, kọ́kọ́ dín agbára kù kí wíìlì lè padà sí eré tí ọkọ̀ ń sá gan-an, lẹ́yìn náà da yanrìn, kó o wá máa fún un lágbára padà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Má da yanrìn sábẹ́ wíìlì tó ṣì ń yí kọ̀ọ̀kọ̀ọ̀, torí tó bá dédé di irin mú lójijì pẹ̀lú gbogbo agbára yẹn, nǹkan lè kán lábẹ́ ọkọ̀. Ká tiẹ̀ tó dé ibi tó ń yọ̀ pàápàá, tó o bá ti mọ̀ pé òkè wà níwájú tí igi sì bò ó, sáré wọ̀ ọ́ dáadáa kó o sì bẹ̀rẹ̀ yanrìn kó o tó dé ìdí ẹ̀. Ẹni tó bá dúró láàárín òkè lọ́jọ́ ìrì, á pẹ́ níbẹ̀ o.

Àwọn ọkọ̀ tuntun ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wa. Kọ̀ǹpútà inú wọn ń jẹ́ kí wíìlì yára ju bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ní tìńtínní, ó ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀, torí yíyọ̀ díẹ̀ yẹn ń nu irin, ìdìmú tó ń rí níbẹ̀ sì ju ti wíìlì tí ò yọ̀ rárá lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi mo rò pé wọ́n ń tàn mí ni.

Ti bíréèkì ló wá gba sùúrù. Tí wíìlì bá kọ̀ tí ò yí mọ́ tí ọkọ̀ ṣì ń lọ, ó ń wọ́ lórí irin nìyẹn, ojú kan lára wíìlì á jẹ á sì di pẹlẹbẹ, láti ọjọ́ yẹn lọ gbogbo èrò inú kóòṣì yẹn á máa gbọ́ gbà-gbà-gbà lábẹ́ wọn títí tí wọ́n á fi gbé wíìlì náà lọ fún gígé. Ẹ̀rọ tí à ń pè ní WSP ni wọ́n fi ń dènà ẹ̀, ọmọ ìyá ABS inú mọ́tò ni, tó bá rí i pé wíìlì kan fẹ́ kọ̀, á tú bíréèkì wíìlì yẹn sílẹ̀ díẹ̀, á tún mú un padà, á tún tú u, wàá máa gbọ́ fíì, fíì, fíì lábẹ́ ọkọ̀. Mo fún WSP ní 4 nínú 5 lọ́tọ̀ tiẹ̀. Ẹ má rò pé ó ń ṣẹ̀dá ìdìmú o, ó kàn ń lo ìwọ̀nba tó bá wà níbẹ̀ ni, tí ò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kò ní nǹkan kan láti lò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so àpótí yanrìn aládàáṣe mọ́ ọn, tí WSP bá ti rí i pé wíìlì ń yọ̀ nígbà tí dírẹ́bà ti tẹ bíréèkì dé ìwọ̀n kan, yanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra ẹ̀, kódà tí ọwọ́ rẹ ò bá kan bọ́tìnnì. Ìtura ńlá ni, torí lásìkò yẹn ojú rẹ wà lórí iná pupa iwájú, ọkàn rẹ ń lù kìkì, o ò rí àyè wá bọ́tìnnì.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ọjọ́ tí mo mọ iyì ẹ̀. Ìdájí ni, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni mo wà, ìrì ti sẹ̀ bo gbogbo ilẹ̀, ibùdókọ̀ kan wà lẹ́yìn kọ́nà tí igi pọ̀ sí lọ́tùn-ún lósì. Mo tẹ bíréèkì níbi tí mo ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe yẹ kó mú, kò mú. WSP bẹ̀rẹ̀ fíì fíì, mo fi kún bíréèkì, mi ò rí ìyàtọ̀, mo ń wo pèpéle ibùdókọ̀ tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn èrò tó dúró ń wo mi, mo sì ń wo wọn. Kóòṣì méjì kọjá pèpéle kí ọkọ̀ tó dúró. Mo jókòó síbẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mi ò ṣí ilẹ̀kùn, mo pe àwọn tó ń darí ọ̀nà, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo dúró de ohun tí wọ́n máa sọ. Nígbà tí àwọn mẹkáníìkì yẹ ọkọ̀ wò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, yanrìn kún inú àpótí méjèèjì o! Àmọ́ omi ti wọ inú ọ̀kan, yanrìn ẹ̀ ti dì bíi sìmẹ́ǹtì, ẹnu páìpù ti dí pa. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń da yanrìn. Ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé láàárọ̀ pé yanrìn wà, kò purọ́. Yanrìn wà lóòótọ́, kò kàn lè jáde ni. Èmi náà ò bẹ̀rẹ̀ wò ó kí n tó gbéra, ó sì dùn mí títí dòní.

Látìgbà náà ni mo ti ń ka àwọn ìwádìí ìjàǹbá tó bá jẹ mọ́ yanrìn, mo sì rí i pé tèmi kéré. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 2010, ọkọ̀ kan tó yẹ kó dúró ní ibùdókọ̀ Stonegate ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá ibẹ̀, ó sì lọ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin pẹ̀lú bíréèkì pàjáwìrì kó tó dúró. Àwọn oníwàádìí sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kò sí yanrìn nínú àpótí iwájú. Ọlọ́run ṣe é, ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá 2024 ní Talerddig, ní Wales, wọn ò ríbi lọ bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ kan tó yẹ kó dúró de èkejì níbi tí irin ti yà sí méjì yọ̀ kọjá, ó lọ forí sọ èkejì, èrò kan sì kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ọkọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé páìpù tí yanrìn ń gbà jáde ti dí. Nígbà tí mo kà á, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rìn jáde. Ohun tó ṣe tèmi náà nìyẹn, páìpù tó dí. Ohun tó ya èmi àti dírẹ́bà yẹn sọ́tọ̀ ni pé kò sí ọkọ̀ kankan níwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mo tún fẹ́ sọ ti Salisbury, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ mi kó máa rò pé tí yanrìn bá ti wà ó ti tán. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 2021, ewé ti bo ojú irin ní ẹnu ihò tí ọkọ̀ ń gbà wọlé síbẹ̀, òjò díẹ̀ ti ṣẹ́ lé e, ọkọ̀ kan yọ̀ kọjá iná pupa ó sì lọ gbá ọkọ̀ míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí ọ̀nà méjì ti pàdé, dírẹ́bà ẹ̀ fara pa gan-an. Àwọn oníwàádìí ní ìdìmú tó wà níbẹ̀ kéré gidi gan-an, wọ́n sì tún ní dírẹ́bà ò bẹ̀rẹ̀ bíréèkì ní kùtùkùtù tó. Mi ò bá ẹni yẹn wí, ó lè ṣẹlẹ̀ sí mi. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ dírẹ́bà kárí ayé nìyẹn: tí ojú irin bá ń yọ̀, bẹ̀rẹ̀ bíréèkì ṣáájú ibi tó o ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kó o sì fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tí wíìlì sì dì í mú, o lè fi kún un. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára tó sì yọ̀, ilẹ̀ tó o fi yọ̀ yẹn ti lọ, o ò lè rí i gbà padà. Èmi tún máa ń dán bíréèkì wò nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, níbi tí kò sí nǹkan kan níwájú, kí n lè mọ̀ bí ojú irin ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Lára ìdí àga ni mo ti máa ń mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó rí i lórí aago eré.

Ibi tó kù sí wà o, ìdí tí mi ò fi fún un ní 5 nìyẹn.

Àkọ́kọ́, yanrìn tó pọ̀ jù léwu. Ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà rélùwéè, iná mànàmáná kékeré kan ló ń gba inú irin, wíìlì ọkọ̀ ló ń so irin méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ni àwọn tó ń darí ọ̀nà ti ń mọ̀ pé ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn. Tí yanrìn bá nípọn láàárín wíìlì àti irin, iná ò ní kọjá, ọkọ̀ rẹ á sì pòórá lójú wọn, wọ́n á máa rò pé ọ̀nà ṣófo. Ọ̀rọ̀ yìí ń dẹ́rù bà mí ju yíyọ̀ lọ nígbà míì. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àpótí aládàáṣe fi ń dáwọ́ yanrìn dúró tí eré bá ti kéré, torí ẹ̀ náà ni wọ́n fi máa ń sọ fún wa pé tá a bá dúró lórí yanrìn ká sọ fún wọn kíákíá. Bákan náà, kò yẹ kéèyàn da yanrìn síbi tí irin ti yà àyàfi tí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀, torí ó ń dí ibi tí irin yẹn ti ń sún.

Yanrìn tún ń jẹ wíìlì àti irin, èyí ò yà mí lẹ́nu, irin tó ò ń fi òkúta lọ̀ á jẹ ṣá. Èyí tó dùn mí jù ni eruku ẹ̀. Eruku yanrìn tó kúná bẹ́ẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró, àwọn tó ń kún àpótí lóru ló sì ń fa á sími. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá tó ń ra yanrìn, ẹ ra ìbòmú gidi fún wọn, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní ẹ̀rọ tó ń fi páìpù kún un dípò tí wọ́n á fi máa gbé àpò lé èjìká.

Oríṣi kẹta tí mo sọ níṣàájú, èyí tó ń fi eré ọkọ̀ mọ iye yanrìn tó yẹ kó dà, òun ló sàn jù nínú gbogbo wọn lójú tèmi. Àwọn ti àtijọ́, bóyá o ń sá eré tàbí o ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, iye kan náà ni wọ́n ń dà, torí náà tó o bá ń sá eré yanrìn ò ní tó lórí irin, tó o bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ á sì pọ̀ jù. Oríṣi tuntun yìí ń fi kún un tí eré bá pọ̀, ó ń dín in kù tí eré bá kéré. Tí wọ́n bá tún fi sí ibi méjì lábẹ́ ọkọ̀ dípò ibì kan, ìyàtọ̀ ẹ̀ á hàn kedere, pàápàá fún ọkọ̀ kúkúrú. Ọkọ̀ gígùn ní wíìlì púpọ̀, àwọn ti iwájú ń nu ọ̀nà fún ti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ oníkóòṣì méjì ò ní ẹni tó máa bá a nu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi yanrìn dù ú.

Àwọn nǹkan míì tí wọ́n ń lò, màá kàn fẹnu bà wọ́n. Bíréèkì onímágínẹ́ẹ̀tì, tó ń já bọ́ lé irin lórí fúnra ẹ̀ tí ò sì gbára lé wíìlì rárá, ó dára gan-an, mo wa ọkọ̀ tó ní in fún oṣù díẹ̀, tó bá gbá irin mú gbogbo ara rẹ lá mọ̀, àmọ́ pàjáwìrì ni wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀ fún. Ọkọ̀ tó ń fi omi alágbára fọ irin lóru, tó sì ń fi ohun kan tó kí bíi lẹ́ẹ̀ tí yanrìn wà nínú ẹ̀ lé e, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe, àárọ̀ tí wọ́n bá kọjá mo máa ń mọ̀, àmọ́ ọ̀sán ò ní í tíì pọ́n tí ewé tuntun á tún ti bò ó. Wọ́n tún ti ń dán iná lésà wò láti fi jó ìdọ̀tí orí irin kúrò, mi ò tíì wakọ̀ tẹ̀ lé e rí nítorí náà mi ò ní fún un ní máàkì.

Tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n ní kó o yan àpótí fún ọkọ̀ tuntun, béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ṣé ohun tó ń mú yanrìn gbóná wà nínú ẹ̀ kó má baà dì, ṣé ìdérí ẹ̀ ń pa omi mọ́ síta, ṣé ẹnu páìpù ẹ̀ rọrùn láti yọ kéèyàn sì fọ̀ ọ́, ṣé ó ń fi iye yanrìn tó kù hàn. Yanrìn náà gan-an ń kọ́? Kó gbẹ, kó má ní amọ̀ nínú, kó má kúná jù bí ìyẹ̀fun, kó má sì tóbi jù tí á fi máa ta kúrò lórí irin. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ ṣí ìdérí wò inú ẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, kẹ́nì kan dúró sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan, kó rí i pé yanrìn jáde lápá ọ̀tún, ó jáde lápá òsì.

Ẹ̀yin dírẹ́bà ẹlẹgbẹ́ mi, tí ọkọ̀ yín bá yọ̀, ẹ sọ fún àwọn tó ń darí ọ̀nà, ì báà jẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń dákẹ́ torí wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ò mọ nǹkan kan, iná aláwọ̀ ewé ló ń rí o.

Máàkì mi nìyí: èyí tá à ń fọwọ́ tẹ̀, 3 nínú 5. Aládàáṣe tó ń da iye kan ṣoṣo, 3 àti ààbọ̀. Èyí tó ń fi eré ọkọ̀ wọn yanrìn, 4. Ìràwọ̀ kan tó kù wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ tí mò ń wà báyìí ní iná tó ń sọ fún mi tí ilẹ̀kùn kan bá ṣí, ó ní èyí tó ń sọ fún mi tí afẹ́fẹ́ bíréèkì bá ń lọ sílẹ̀, kò sí èyí tó máa sọ fún mi pé páìpù yanrìn ti dí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi iná yẹn síwájú mi, màá padà wá síbí wá fi ìràwọ̀ karùn-ún kún un. Kó tó dìgbà náà, mo ní tọ́ọ̀ṣì nínú báàgì, ìdájí ọ̀la ni mò ń gbéra, màá sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.